Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ní Sunny Adé Ti Parí

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé o. Àpótí àwo orin tí ẹ fi rán ọmọ yín láti Àkúrẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Oǹdó níbí, mo dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kó bá mi sọ ni mi ò rí gbé mì. Ẹ ní kí n máa gbádùn òkú orin, pé Sunny, olórin jùjú wa, ti parí ní tiyín. Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àwo Ebenezer Obey, olórin jùjú kejì, sórí ẹ̀rọ nílé wa, tí Bàbá fi ń bi yín bóyá gbogbo Ẹkimọ̀gún, àwa ará Oǹdó, ló gbà yín ní lọ́yà fún ọmọ ọba wọn.

Ẹ jàre níbì kan, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Èyí tó dùn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá. Ẹni tí wọ́n bí ní 1946, tó ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá kí Ọláìyá tó di Baba Sala aláwàdà, tó sì dá Green Spots tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967, kò lè máa ta gìtá bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún títí ayé. Mo gbọ́ àwọn orin tó ṣe lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Mo gbọ́ wọn dé òpin, mo wá dìde, mo lọ fa àwo rẹ̀ àtijọ́, Bobby, yọ.

Ẹ rántí pé ọdún kan náà, 1983, ni àwo Bobby àti Synchro System jáde. Synchro System ni Island, ilé-iṣẹ́ àwo òyìnbó, gbé jáde lókè òkun, òun ni wọ́n fi yan Sunny fún àmì-ẹ̀yẹ Grammy. Bob Marley olórin rẹ́gè, tí Island ń gbé àwo rẹ̀ jáde, ti kú ní 1981, àwọn òyìnbó ń wá ẹni tí yóò dí àyè rẹ̀, wọ́n sì ní ọmọ wa ni. Orin kéékèèké ni wọ́n ń fẹ́, kí ọ̀kan kásẹ̀ nílẹ̀ kí òmíràn tó wọlé. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Bobby, àwo tó fi dárò Bobby Benson olórin háíláìfù, tiwa nìyẹn: orin ń wọnú orin, gángan ń dá sí ọ̀rọ̀ tí wọn ò bá a sọ, kò sẹ́ni tó ń kánjú. Ẹ̀rọ wa ìgbà yẹn máa ń fò tó bá dé ojú kejì. Ẹ ó fi kọ́bọ̀ kan lé apá rẹ̀ lórí kó lè wúwo, ẹ ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú, torí àwa ọmọdé tó ń sáré kọjá lórí ilẹ̀ onípákó. Ẹni tó bá wọlé nígbà yẹn, kó má kí yín o.

Ẹ ní àwo Aura ló bà á jẹ́ ní 1984, pé ẹ̀rọ ti ń lu ìlù níbi tí èèyàn wà, pé Stevie Wonder fọn dùùrù ẹnu sí i, ìyẹn ò sì ṣe é lóore. Nígbà tí Island ò bá a ṣe mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ńṣe lẹ ń rìn káàkiri bí ẹni tó jàre lẹ́jọ́. Àwo Odù dé ní 1998, Grammy tún pe orúkọ rẹ̀. Mo lè fi ìyẹn dí yín lẹ́nu, mi ò ní ṣe é. Tó bá jẹ́ pé torí Odù ni mo ṣe dúró, a jẹ́ pé mo kàn dà bí àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ Bàbá Ìjẹ̀bú ni, tí wọ́n ń retí kí nọ́ńbà tó jẹ lẹ́ẹ̀kan tún jẹ. Bí Odù ò bá tilẹ̀ jáde, ibi tí mo wà yìí náà ni ǹ bá wà.

Ohun tí mo ń gbọ́ báyìí, kò sí nínú Bobby. Ohùn Sunny kì í ṣe ohùn igbe láti ilẹ̀ wá, torí náà ọjọ́ orí ò rí nǹkan púpọ̀ gbà níbẹ̀. Ijó ló dín kù. Ó ti fi gìtá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ wá wò ó bí gángan bá pa òwe sí i: kò ní sáré dáhùn, á rẹ́rìn-ín, á jẹ́ kó tán, á wá dá ìlàjì ọ̀rọ̀, àwọn ìyá tó jókòó nídìí tábìlì ló máa parí ìyókù. Wọn ò gba orin yẹn sínú àwo kankan. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ tó ń retí Bobby kejì kò ní gbọ́ ọ.

Àbí kó lọ jókòó sílé ni, bí ẹ ṣe wí? Ta ni yóò wá bọ́ àwọn onílù? Àwo ò bọ́ olórin jùjú mọ́, òde ni. Òde náà ti yàtọ̀. Òfin CBN, báńkì àpapọ̀, ti 2007 ti sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ká máa lẹ owó mọ́ èèyàn lórí, a ò kà á sí, àfi ìgbà tí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn gbajúmọ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní 2024. Níbi ìnáwó tí mo lọ gbẹ̀yìn ní Òkè Lísà, apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbé síwájú olórin, a ń tò lọ bí ẹni ń dá owó igbá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tilẹ̀ rán mi létí: nígbà tí Obey yí sí orin ìhìnrere, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kan bá a wọlé, àwọn kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ rẹ́rìn-ín wọn dáadáa nígbà yẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi ti ń kú lọ, ó sì ti ń ha àwo. Ọkùnrin kan wà ní Arákàlẹ̀ tó ń tún rédíò àtijọ́ ṣe, ẹ̀yin lẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ bá mi bi í bóyá èyí tó bá ẹ̀rọ mi mu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ní ó wọ́n, ẹ má bá a nájà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ san án, màá fi owó ránṣẹ́ kí ẹ tó délé.

Èmi àbúrò yín,
Oǹdó