Asín ẹ̀yìn ìkòkò omi

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé àlàáfíà lo wà. O ní ṣé ìdákẹ́jẹ́ oko kò tíì sú mi. Ìdákẹ́jẹ́ wo? Bí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, èmi nìkan kọ́ ni mo nilé yìí mọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún ọ. Lóṣù tó kọjá, mo fi ìgbálẹ̀ lu asín kan pa lẹ́yìn ìkòkò omi, mo ṣe bí èkúté ilé ni. Ìgbà tí mo fi ìrù gbé e sókè ni mo rí i pé ẹnu rẹ̀ gùn ṣóńṣó, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju orí abẹ́rẹ́ lọ, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá. Asín jọ eku lóòótọ́, àmọ́ kò bá eku tan. Aáyán, ìrẹ̀ àti ekòló ló ń wá kiri. Oúnjẹ kì í pẹ́ dà lára wọn, débi pé ebi wákàtí díẹ̀ lè pa àwọn tó kéré jù nínú wọn. Ẹni tó ń bá mi pa aáyán lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo pa yẹn o.

Òkété ní tirẹ̀ ń gbé lábẹ́ gbòǹgbò igi ẹ̀yìnkùlé. Lálẹ́ àná, mo jókòó jẹ́ẹ́ dè é. Ìrù rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí: ìdí dúdú, orí funfun, bí ìgbà tí wọ́n tì í bọ inú ẹfun. Ó mú ẹyìn kan, ó kì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó mú òmíràn, ó tún kì í, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì fi wú bíi ti ẹni tí akokoro ń dà láàmú. Kò jẹ ọ̀kankan lójú mi, ó kó o wọlé lọ. Ìbátan rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ní Tanzania láti máa fi imú wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ní 2020, ọ̀kan tó ń jẹ́ Magawa gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà nítorí iṣẹ́ tó ṣe ní Cambodia. Àwa wá ń fi òwe bú u pé ó ń mu ọmú ọmọ rẹ̀!

Ọ̀yà ò tíì jẹ́ kí n rí òun. Koríko tó gé ṣákálá bí ẹni fàdá bẹ́ ẹ nìkan ni mo ń bá láàárọ̀. Bí ó bá lóyún, nǹkan bí oṣù 5 ni, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá bí ti lajú, ó ti nírun lára.

Kí ló ń rìn lóru lọ́dọ̀ tìrẹ? Kọ̀wé sí mi. Asín mìíràn ti dé sẹ́yìn ìkòkò omi. Mo ti gbé ìgbálẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ