Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Àlàfo Kànga Dẹ̀rọ

Sí Ọlọ́lá, Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa n'Ìbàdàn, àti gbogbo kánsẹ́lọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Àwa ẹgbẹ́ tó ń gbẹ́ kànga dẹ̀rọ ládùúgbò yìí la kọ̀wé sí yín. Ó lè yà yín lẹ́nu pé àwa tí à ń jẹun nídìí kànga la wá ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ fi òdiwọ̀n sí kànga gbígbẹ́. Bó ṣe ń lọ yìí, owó àwọn oníbàárà wa ń wọlẹ̀, omi ò sì pọ̀ sí i.

Àpáta ló wà lábẹ́ ìlú wa. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta náà lórí, àti ojú ibi tó bá ti sán, la ti ń rómi. Kànga méjì tó bá bọ́ sójú ibi kan náà, omi kan náà ni wọ́n jọ ń fà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, a sọ okùn tí a fi ń wọn omi sínú kànga onílé kan. Pọ́ǹpù tiẹ̀ ò ṣiṣẹ́ rárá, síbẹ̀ omi náà ń fà sẹ́yìn, torí aládùúgbò rẹ̀ lẹ́yìn fẹ́ǹsì ti tan tiẹ̀. Nígbà tí onílé wá tan pọ́ǹpù, afẹ́fẹ́ ló ń fà, ó sì jóná. Ó ní ká gbẹ́ ẹ jìn sí i. Bá a bá gbẹ́ ẹ, aládùúgbò náà yóò pè wá lọ́la. Àwa gbowó lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, àwa náà ni wọ́n sì ń pè ní olè tómi bá tán.

Wọ́n ti ṣe irú eléyìí rí nídìí epo rọ̀bì. Ní 1930 tí wọ́n rí epo ní ìlà-oòrùn Texas, l'Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fà á jáde ló ni ín, ì báà jẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ẹlòmíì ló ti ṣàn wá. Kálukú bá ń sáré gbẹ́ tiẹ̀. Nílùú Kilgore, kànga 24 ló wà lórí ilẹ̀ tó fi díẹ̀ ju éékà kan lọ! Ní 1931, àgbá epo tó ti tó dọ́là kan já sí nǹkan bíi sẹ́ǹtì 10, títí gómìnà fi kó sójà lọ ti àwọn kànga náà pa. Bẹ́ẹ̀ òfin àlàfo ti wà láti 1919: ẹsẹ̀ bàtà 300 láàárín kànga méjì, 150 sí ààlà ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣáà ti bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń yọ̀ǹda fún láti gbẹ́ tiẹ̀ láìka àlàfo náà sí. Nígbà tí wọ́n sì wá fi gbèdéke sí iye epo tí kálukú lè fà, iye kànga ni wọ́n wò ju bí ilẹ̀ ṣe tó lọ, ẹni tó bá fẹ́ ìpín sí i a tún gbẹ́ òmíì.

Ìdí nìyẹn tá a fi ń bẹ̀ yín pé bí ẹ bá máa fi òdiwọ̀n sí omi tí àwọn ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá ń fà, kẹ́ ẹ gbé e lé bí ilẹ̀ wọn ṣe tó. Ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ sọ àlàfo tó bá àdúgbò kọ̀ọ̀kan mu. Ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ àwọn kànga tá a máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò ká tó gbé ẹ̀rọ dé ibikíbi. Ẹni tó bá fẹ́ ìyọ̀ǹda láti gbẹ́ kànga láìka àlàfo sí, kó wá tọrọ rẹ̀ ní gbangba, lójú aládùúgbò rẹ̀. Àwọn onílé tó bá sì fẹ́ dáwó gbẹ́ kànga kan ṣoṣo, ẹ bá wa dín owó ìwé àṣẹ tiwọn kù. (Iṣẹ́ yóò dín lọ́wọ́ wa o, a ti jọ sọ ọ́ nípàdé, ariwo sì pọ̀.)

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè ká wá rí yín. A ó kó àkọsílẹ̀ ìjìnlẹ̀ àwọn kànga tá a ti gbẹ́ dání.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́