Lẹ́tà sí Àkànní lórí Ọ̀rọ̀ Òkè Àráfà

Àkànní ọmọ mi,

Àsàlámù àléékúmù. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ti Riyadh dé lọ́sẹ̀ tó kọjá kó aṣọ àti dàbínù tí o fi rán an dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì ṣe àdúà fún ọ. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ lọ ló ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ìwọ àti àwọn kan fẹ́ wọ Mẹ́kà lọ ṣe Háájì lọ́dún yìí láìgba ìwé àṣẹ, pé awakọ̀ kan wà tó mọ ọ̀nà ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè ọ́, o kò sì gbé e. Ṣé òótọ́ ni?

Àbúrò rẹ ti ṣe ìdánwò JAMB. Kànga ti gbẹ, omi là ń rà.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. O máa ní Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé Àráfà ni Háájì. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tí kò bá dúró ní Àráfà, pápá tó wà lẹ́yìn Mẹ́kà, lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù Súlíhíjà, tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹwàá sì mọ́ bá a láìdé ibẹ̀, kò sí Háájì fún un lọ́dún náà, bó ti wù kó yí Káábà ká tó. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni Ànábì ti ṣe wáàsí ìdágbére lọ́dún 632, ohun tó sì fi bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ yín àti dúkìá yín ní ọ̀wọ̀ bí ọjọ́ òní ti ní ọ̀wọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tìrẹ ńkọ́, Àkànní?

Ọ̀rẹ́ rẹ tún sọ pé o ní bí o bá ti gun òkè tó wà ní Àráfà, tí o fọwọ́ kan ọ̀wọ̀n funfun tó wà lórí rẹ̀, àdúà rẹ ti gbà nìyẹn. Ta ló kọ́ ọ? Òkè náà, tí wọ́n ń pè ní Jabal ar-Rahmah, kì í ṣe òkè gíga, kò ju nǹkan bíi 70 mítà lọ, gígun un kò sì sí lára ohun tí Háájì fi ń pé. Ìsàlẹ̀, lẹ́bàá àwọn àpáta, ni Ànábì dúró sí tó kọjú sí Kíbúlà títí oòrùn fi wọ̀, ó sì sọ pé gbogbo Àráfà ni ibi ìdúró. Nígbà tí èmi lọ, inú àgọ́ ni mo wà. A kí Àìlà àti Àlàásárì pọ̀ ní ràkáà méjì-méjì, a sì tẹ́wọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó lọ gun òkè lára wa padà dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, ọ̀kan sì ti sọ bàtà rẹ̀ nù láàárín èrò.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Ní ọdún 2024, ooru Mẹ́kà kọjá 51 lórí ìwọ̀n Celsius, àwọn tó kú sí Háájì sì lé ní 1,300. Ìjọba Sáúdí fúnra wọn sọ pé nínú 100 tó kú, bíi 83 ni kò gba ìwé àṣẹ, pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn láìní ibòji. Àráfà tó nǹkan bíi 20 kìlómítà sí Mẹ́kà, o sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó gba ìwé ní àgọ́, ó ní bọ́ọ̀sì, ó sì ní àwọn tí yóò wá a bí ó bá dákú. Ta ni yóò wá ọ, nígbà tí orúkọ rẹ kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni? Bí ọlọ́pàá bá sì mú ọ, ìtanràn tí wọ́n kéde lọ́dún 2025 lè tó 20,000 ríyáàlì, wọ́n sì lè dá ọ padà sílé, kí o má lè wọ ilẹ̀ wọn fún ọdún 10. Iṣẹ́ tí o fi ń tọ́ àwọn àbúrò rẹ ńkọ́?

Olóríkunkun ni ọ́, bí bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n èmi náà jẹ̀bi níbẹ̀. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, mo gba fóònù, gbogbo ilé sì ń gbọ́, mo ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń jẹ́ Alhaji láti ibí, ìwọ tí o wà ní Sáúdí kò tíì lọ. O dákẹ́, lẹ́yìn náà o ní fóònù rẹ fẹ́ kú. Eré ni mo pè é. Kì í ṣe eré, ojú ló ń tì mí láàárín àwọn ìyá Alhaji. Má torí ẹnu mi lọ kú sínú oòrùn. Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ẹni tó bá ní agbára ọ̀nà ibẹ̀ ni Háájì di dandan fún.

Tọ́jú owó, kí o sì gba ìwé ní ọ̀nà ẹ̀tọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, èmi náà yóò fi owó àjọ mi kún un. Lọ́dún yìí, jókòó sí Riyadh, kí o gba ààwẹ̀ ọjọ́ Àráfà, tí Ànábì ní ó ń pa ẹ̀ṣẹ̀ ọdún tó kọjá àti ti ọdún tó ń bọ̀ rẹ́. Àwa náà yóò gbà á níbí. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ pè mí, ìbáà jẹ́ òru, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ pé o kò lọ mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ.