Ẹ ṣé o, ẹ kú àdúrótì níbi ìkómọ Àìná wa

Ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́, ẹ kú ìnáwó ara wa o. Ìyá Àìná ló ń kọ èyí, bàbá ẹ̀ jókòó ti mí, ó ń sọ pé kí n má gbàgbé àwọn ará Bàrígà. Mi ò gbàgbé yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sún kẹẹrẹ lórí Third Mainland láàárọ̀ Sátidé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Ìkòròdú bọ̀, àti ẹ̀yin aládùúgbò wa ní Èbúté Mẹ́ta tẹ́ ẹ gbé mọ́tò yín kúrò lójú títì kí kánópì lè ráyè dúró, tí jẹnẹrétọ̀ wa ń hó títí ilẹ̀ fi ṣú tẹ́ ò sì wí nǹkan kan, Ọlọ́run á bá wa san án fún yín. Pásítọ̀ ṣàdúrà, àlùfáà tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n màmá mi náà ṣàdúrà, gbogbo ẹ̀ la ṣàmín sí.

Mo wá fẹ́ dáhùn ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí WhatsApp mi ò sinmi látọjọ́ yẹn: "Àìná kẹ̀? Ṣé kì í ṣe orúkọ bàbá èèyàn nìyẹn?" Ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ rò pé MC ló ṣì í kà. MC ò ṣì í kà o. Ọ̀pọ̀ wa níbí, orúkọ ìdílé nìkan la mọ Àìná sí, Ọ̀gbẹ́ni Àìná ní báǹkì, Lọ́yà Àìná, àmọ́ ẹ wọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ kẹ́ ẹ máa wá ọmọ tó ń jẹ́ ẹ, ẹ ó wá a tì. Olúwa-tibí Olúwa-tọ̀hún ni gbogbo wọn, orúkọ tó gùn débi pé àyè inú fọ́ọ̀mù ò gbà á. Èmi náà ti mú ọ̀kan pamọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má dá mi lóhùn.

Bó ṣe jẹ́ rèé. Bí orí ọmọ ṣe yọ, mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì sọ fún ìkejì ẹ̀ pé ìwọ́ wà lọ́rùn ẹ̀, ló bá ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbé e gba orí ọmọ kọjá bí ẹni bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ó parí, ọmọ figbe ta. Nígbà tí ara mi balẹ̀ mo bi dókítà bóyá nǹkan ti fẹ́ ṣe é, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé nínú ọmọ mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan máa ń gbé ìwọ́ kọ́rùn wá, ọ̀pọ̀ ẹ̀ kì í sì í mú wàhálà dání. Mo kàn sọ ọ́ mọ́ ìròyìn fún Mọ́mì, ìyá ọkọ mi, lórí fóònù ni, àfi bí wọ́n ṣe pariwo: "Àìná ni! Ẹ má tíì sọ ọ́ ní nǹkan kan o, ó ti mú orúkọ ẹ̀ bọ̀!"

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n, àwọn ọ̀dọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún: ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, Òjó ni bó bá ṣe ọkùnrin, Àìná ni bó bá ṣe obìnrin. Amútọ̀runwá ni, bíi ti Ìgè àti Tàlàbí, wọn ò bi bàbá tàbí ìyá bóyá ó wù wọ́n.

Àmọ́ bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin, kò yẹ kí Àìná wọ́n lÉkòó báyìí. Mo rò ó rò ó lóru tí ọmọ ò jẹ́ n sùn, ohun tí mo rí ni pé ará ilé ò sí níbẹ̀ mọ́. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, obìnrin ilé ló ń gbẹ̀bí, ohun tí wọ́n bá rí, agboolé á ti gbọ́ kó tó di ọjọ́ kẹjọ. Nísinsìnyí, nọ́ọ̀sì á bọ́ ọ kúrò lọ́rùn ọmọ, á bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, kò ní sọ, ìwọ náà ò ní bi í, kẹ́ ẹ tó délé ọmọ ti di Olúwadárasími. Ìgè gan-an ti ń wọ́n, torí bí skáànù bá ti fi hàn pé ẹsẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, tíátà ló máa ń já sí lọ́pọ̀ ìgbà, wọn ò ní dúró kó fẹsẹ̀ jáde. Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ lóyún, ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè o jàre.

Ẹ ṣé, Bàbá wa àgbà, ọmọ CMS Grammar School, tẹ́ ẹ gba máìkì lọ́wọ́ MC tẹ́ ò dá a padà mọ́. Oúnjẹ ń tutù lóòótọ́, àmọ́ ìtàn yẹn dùn! Ẹ sọ fún wa nípa ọmọbìnrin tí wọ́n ní Àìná ni orúkọ ẹ̀, tí ogun Dàhòmì kó ní Òkè-Ọ̀dàn ní 1848, tí ọba Dàhòmì fi ta Kápútẹ́ènì Forbes lọ́rẹ ní 1850, tó fi dé ọ̀dọ̀ Queen Victoria. Sarah Forbes Bonetta ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, Forbes orúkọ kápútẹ́ènì, Bonetta orúkọ ọkọ̀ ojú omi ẹ̀. Ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò Èkó, ní Brighton ní 1862, wọ́n padà wá gbé Èkó níbí, Davies yìí náà ló sì ran Grammar School lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1859, ibẹ̀ ni Bàbá ti ń fọ́nnu jù. Wọ́n ní, "Àìná tiwa yìí, ẹnikẹ́ni ò ní fi orúkọ ọkọ̀ ojú omi pè é!" Gbogbo kánópì pàtẹ́wọ́.

Orúkọ tẹ́ ẹ sọ sínú àwo náà pọ̀, ẹ ṣé gan-an. Dádì mi sọ ọ́ ní Olúwafúnmiláyọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní Kánádà fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì, wọ́n ní Ìbùkúnolúwa, aláta wa l'Óyíngbò náà fowó sílẹ̀, ó ní Ayọ̀bámi, mo sì ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Mọ́mì fún un lóríkì, Àbẹ̀kẹ́. Lórí ìwé ìbí, Àìná Fìyìnfólúwa Àbẹ̀kẹ́ ni, Àìná ló ṣáájú, Fìyìnfólúwa lèyí témi ti ń tọ́jú láti oṣù kárùn-ún oyún.

Ẹ̀yin tí mọ́ínmọ́ín ò kàn, ẹ má bínú, èrò pọ̀ ju bá a ṣe rò lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ò rí ike tá a pín gbà, ó ṣẹ́ kù díẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò ọkọ mi. Ẹ tún lè wá wo ọmọ, àmọ́ kó jẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àárọ̀ lèmi àti ẹ̀ ń rí oorun sùn. Ẹni tó sì ṣèèṣì gbé kúlà búlúù wa lọ, a ò bínú rárá, àmọ́ ọmọrí ẹ̀ ṣì wà níbí, ẹ wá mú un.