Lẹ́tà sí Àkànní ní Kàdúná: má jẹ́ kí sáńpépà kan ọpọ́n bàbá rẹ

Àkànní, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Àsàláàmù àlékùm. Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Kubwa níhìn-ín.

Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo sì gbọ́ ohùn rẹ, tí o ní o fẹ́ gbé ọpọ́n solitaire bàbá rẹ, èyí tí ẹnì kan máa ń fi ọmọ dígí róbótó tí à ń pè ní mábù dá ta, lọ fún káfíńtà ní Panteka kí ó fi sáńpépà họ ọ́, kí ó fi fáníṣì kùn ún, kí o sì ra mábù tuntun tó bára mu dípò àwọn ti àtijọ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ bàbá rẹ ló mú ọ rò ó. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ọ́, dáwọ́ dúró ná. Gbangba ni mo ti ń kọ ọ́, nítorí kì í ṣe ilé tiyín nìkan ni irú rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti báńkì ló ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nínú àpótí bàbá wọn.

Ọwọ́ òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn ní Kaduna Junction ni ẹ̀gbọ́n mi, kí Ọlọ́hun forí jìn wọ́n, ti gba ọpọ́n yẹn nígbà tí ọkùnrin náà ń kẹ́rù padà sí ìlú rẹ̀. Tí wọ́n bá ń bọ̀ wá ṣọdún ní Ọ̀ffà, wọ́n á gbé e dání. Àwa yòókù á ti ta ayò tán, a ó ti gbé ọpọ́n sílé, àwọn á ṣì jókòó sí kọ̀rọ̀, wọ́n ń ta tiwọn láìní alátakò. Èmi ni mo máa ń jókòó tì wọ́n. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ nǹkan yìí ti wọ̀ mí lára.

Kọ́kọ́ ka ihò rẹ̀ fún mi, nítorí ọwọ́ rẹ bo apá kan nínú àwòrán. Tó bá jẹ́ 33, irú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Tó bá jẹ́ 37, irú ti Faransé ni, ihò kan lé ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Má fojú kéré ìyàtọ̀ yìí. Lórí oníhò 33, ọmọ 32, ìyẹn mábù 32, ni wàá tò, wàá fi àárín sílẹ̀ lófo. Ọmọ kan á fo èkejì rẹ̀ bọ́ sínú ihò tó ṣófo, wàá sì mú èyí tó fò kọjá kúrò. Iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì ló lè fò sí, kò gbọdọ̀ gba igun. Ìfò 31 ló máa jẹ́ kó ku ẹyọ kan ṣoṣo, tí ẹyọ náà bá sì bọ́ sí àárín gan-an, o ti jẹ. Lọ́dún 1912, Ernest Bergholt fi hàn pé tí a bá ka gbogbo ìfò tí ọmọ kan fò léraléra sí ìrìn kan, ìrìn 18 ti tó. Lọ́dún 1964 ni John Beasley wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò lè dín kù sí i mọ́. Ṣùgbọ́n lórí oníhò 37, tí o bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àárín lófo, kò sí ọgbọ́n tí o lè dá tí yóò fi ku ẹyọ kan. Má wulẹ̀ fi í da ara rẹ láàmú.

Eré náà ti pẹ́. Àwòrán kan wà láti Faransé, ti ọdún 1697, tí Anne de Rohan-Chabot, ìyàwó ọmọba Soubise, ti wà pẹ̀lú ọpọ́n rẹ̀. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé ẹlẹ́wọ̀n kan ní Bastille ló dá a sílẹ̀, àmọ́ ìtàn yẹn kò ní ẹ̀rí.

Ní ti igi rẹ̀, ó jọ mahogany lójú mi. Dúdú tó dú ní etí rẹ̀ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ọwọ́ èèyàn ló dá a, ọwọ́ ọdún pípẹ́, fáníṣì kankan kò sì lè dá irú rẹ̀ padà. Ohun mìíràn tún wà: àwọn ihò yẹn kò jìn. Tí káfíńtà bá họ ojú igi, ihò á tún dín kù sí i, ọmọ kò ní jókòó sójú kan mọ́. Tí ẹ bá kan tábìlì péré, gbogbo rẹ̀ á yí dànù.

Ó wá ku àwọn mábù náà, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. O ní wọn ò bára mu. Mú ọ̀kan, gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, kí o máa yí i díẹ̀díẹ̀. Tí o bá rí ojú méjì tó ṣe hàràhàrà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tó rí bí ìdodo ọmọ tuntun, ọwọ́ ló ṣe é. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gé e kúrò lára ọ̀pá dígí. Lauscha, ní agbègbè Thuringia ní Jámánì, ni wọ́n ti ṣe irú wọn jù. Láàárín ọdún 1840 sí 1850, ẹnì kan nínú ìdílé Greiner níbẹ̀ dá àlùmọ́gàjí kan tó ní ife kékeré lẹ́nu. Wọ́n á to okùn dígí aláwọ̀ sínú ọ̀pá dígí, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á lọ́ ọ, wọ́n á fi àlùmọ́gàjí yẹn ká orí rẹ̀ róbótó, wọ́n á sì gé e. Ìdí nìyẹn tí okùn inú rẹ̀ fi lọ́ láti ìdodo kan dé èkejì. Èyí tó ń dán wíríwírí bíi pé wúrà wà nínú rẹ̀, bàbà ni, kì í ṣe wúrà.

Èyí tí kò ní ìdodo rárá, ẹ̀rọ ló sábà máa ń ṣe é. Martin Frederick Christensen ní Akron, ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1905. Nígbà tí ogun 1914 dí ọ̀nà ọjà Jámánì, àwọn ará Amẹ́ríkà gba ọjà náà. Ilé iṣẹ́ Akro Agate ní Clarksburg wà lára wọn. Mi ò fojú tín-ín-rín ti ẹ̀rọ o, àwọn kan nínú wọn rẹwà gidi. Bí ti Jámánì bá dàpọ̀ mọ́ ti Amẹ́ríkà lórí ọpọ́n kan, ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti sọ mábù nù rí, ó sì wá òmíràn dípò rẹ̀. Ìtàn ọpọ́n nìyẹn, kí la fẹ́ fi èyí tó bára mu ṣe?

Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á bá ọ fi ẹ̀rọ dán ojú dígí náà, má gbà. Ó máa họ awọ àtijọ́ kúrò, ó sì lè họ ìdodo yẹn lọ. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sínú báàfù kí o sì fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ ayédèrú owó wò lè mú kí àwọn kan tàn ní àwọ̀ ewé. Dígí tó ní uranium máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò ní kí ó jẹ́ ti àtijọ́ dandan.

Má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni mo ń sọ. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n wú ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 jáde nínú ilẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Ní Bídà, àwọn Masaga, ìyẹn àwọn oníṣẹ́ dígí ilẹ̀ Nupe, ṣì ń yọ́ àfọ́kù ìgò láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Mo ti jókòó níwájú iná wọn. Ẹnì kan ń fin ẹwìrì, ẹnì kan ń yí ọ̀pá irin, dígí ń lọ́ mọ́ ọn lára. Ìgbà tí mo padà délé tí mo gbé mábù Jámánì mi sọ́wọ́, mo rí ọwọ́ ẹni tó ṣe é nínú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ owó lo nílò, sọ fún mi, mi ò ní bínú. Àmọ́ má jẹ́ kí wọ́n tú u ká. Àwọn oníṣòwò kan máa ń ṣa ọmọ tó dára jù tà lọ́tọ̀, wọ́n á wá kó ọmọ tuntun sí ọpọ́n. Ìwà yẹn ń dùn mí.

Ọyẹ́ Kàdúná kì í ṣe kékeré, nítorí náà gbé ọpọ́n náà jìnnà sí fèrèsé àti ẹ́sì, kí igi má baà là. Jẹ́ kí àwọn ọmọ yín máa ta á, eré ni wọ́n ṣe é fún. Àbíkẹ́yìn yín tó ṣì ń ki nǹkan bọnu nìkan ni kó má sún mọ́ ọn.

Tí ẹ bá ń bọ̀ fún Iléyá, ẹ gba rélùwéè láti Rigasa, ẹ sọ̀ ní Kubwa. Gbé ọpọ́n lé itan, má fi í sábẹ́ àga, kí o di àwọn mábù sínú ìbọ̀sẹ̀. Ihò méjì ṣófo nínú àwòrán yàtọ̀ sí ti àárín. Mo ní ti Jámánì díẹ̀ nínú àwo mi tí okùn inú wọn jẹ́ funfun àti pupa. Ìwọ ni kó o yan méjì tó bá wù ọ́ nínú wọn.

Èmi ni àbúrò bàbá rẹ,
Àbẹ̀kẹ́, Kubwa