Lẹ́tà sí Tolúlọpẹ́: ipa ẹran tí ojú kò tíì rí

Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí
Ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2026

Tolúlọpẹ́ ọmọ mi,

Okun o. Ṣé ara le nínú òtútù yẹn? Ọyẹ́ ti bo orí àwọn òkè wa níbí, ètè gbogbo wa ló ti bó, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé eré ni ọyẹ́ Kàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Tromsø ní àríwá Norway, níbi tí oòrùn kò ti yọ láti ìparí oṣù Kọkànlá. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù lálẹ́ Sọ́ńdè. Mi ò dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà, torí mo fẹ́ kọ́kọ́ rò ó dáadáa. O ní oṣù mẹ́rin gbáko rèé tí o ti ń ṣa àgógó squid, ẹran òkun ọlọ́wọ́ púpọ̀ yẹn, nínú ohun tí wọ́n yọ ní ikùn ẹran òkun, tí ò ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí o kò sì tíì fojú kan squid kan tó wà láàyè. O ní ìbátan wa kan tún ń bi ọ́ pé kí ni ọmọ Kàbà ń wá nínú òkun yìnyín. O fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Tolú, mo bẹ̀ ọ́, má tíì fi í sílẹ̀.

O kéré nígbà tí bàbá mi kú, o kò mọ bó ṣe ń ṣọdẹ. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kó má rí ọ̀yà kan ṣoṣo, síbẹ̀ ó mọ iye tó wà nínú igbó náà. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò mú koríko tí ọ̀yà gé jẹ, yóò wo ojú ibi tí eyín gbà kọjá, yóò fọwọ́ tẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, yóò ní, "Eléyìí kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó sì tóbi."

Iṣẹ́ tí ò ń ṣe gan-an nìyẹn. Squid kò léegun. Bí ẹyẹ penguin tàbí àbùùbùtán bá gbé e mì, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò dà nínú ikùn, àfi àgógó rẹ̀ tó dà bíi ti odídẹrẹ́. Nínú ìwọ̀n àgógó yẹn ni ẹ ti ń ṣírò bí ẹran náà ṣe gùn tó àti bó ṣe wúwo tó. Wo colossal squid, irú squid ńlá kan tó ń gbé inú òkun tó yí Antarctica ká, ilẹ̀ yìnyín ìsàlẹ̀ gúúsù ayé. Ní 1925 tí onímọ̀ ẹranko kan, Robson, fún un lórúkọ, apá rẹ̀ tí wọ́n bá nínú ikùn àbùùbùtán ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2007, àwọn apẹja New Zealand fa ọ̀kan jáde ní Ross Sea, apá kan òkun Antarctica, kílò 495 ni, ojú rẹ̀ kan fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Síbẹ̀, àwọn tó ń wọn àgógó mọ̀ pé èyí tó tóbi jù ú lọ wà, nítorí wọ́n ti rí àgógó tó ju tirẹ̀ lọ. Ìgbà wo ni kámẹ́rà wá rí i láàyè nínú ibú tirẹ̀? Oṣù Kẹta 2025 ni, ní mítà 600 sísàlẹ̀ omi, nítòsí àwọn erékùṣù South Sandwich: ọmọdé kan tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko!

Ṣùgbọ́n bàbá mi tún kọ́ mi pé ipa máa ń tanni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹsẹ̀ ẹtu ọlọ́jọ́ mẹ́wàá lè dà bíi ti àná, torí òjò kò rọ̀ tí yóò pa á rẹ́. Àgógó náà ń pẹ́ nínú ikùn, ó ń kó jọ síbẹ̀, nígbà tí ẹja tí ẹran náà jẹ ti dà tán. Ẹni tó bá kàn ń kà á yóò ní squid nìkan ni ẹran yẹn ń jẹ. Ibi tí ẹyẹ albatross bì í sí sì lè jìnnà gan-an sí ibi tó ti gbé e. Máa bi àgógó léèrè ọ̀rọ̀ kí o tó gbà á gbọ́.

Má sì fojú kékeré wo Gonatus, irú squid tó wà nínú àwo rẹ, nítorí òkìkí ti Gúúsù yẹn. Òun ló pọ̀ jù nínú àwọn squid Arctic, òkun yìnyín àríwá ayé. Òun ni narwhal, irú àbùùbùtán kan, ń jẹ, òun ni seal, ẹran òkun onírun, ń jẹ, òun náà ló ń jẹ àwọn wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí òkun yín bá ń yí padà, ara rẹ̀ ni yóò ti hàn.

Mo fẹ́ kí o máa kọ orúkọ àti ọjọ́ sára gbogbo ìgò, kódà èyí tó fọ́. Ní 2023, àwọn onímọ̀ yẹ àbùdá octopus kékeré kan wò, ìbátan squid tí wọ́n ń pè ní Pareledone turqueti, ẹran 96 tí wọ́n ti ń kó jọ fún ọdún tó lé ní 30. Ìsàlẹ̀ òkun Antarctica ló ń gbé, kì í rìn jìnnà. Síbẹ̀ ti Weddell Sea, apá òkun Antarctica mìíràn, àti ti Ross Sea jọ dàpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ odindi yìnyín ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Antarctica ló wà láàárín wọn. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé yìnyín náà ti yọ́ rí, ní nǹkan bí ọdún 125,000 sẹ́yìn, nígbà tí ayé kò fi bẹ́ẹ̀ gbóná ju ti ìsinsìnyí lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ lẹ orúkọ mọ́ ìgò octopus yẹn kò lè mọ̀ pé èyí ni wọn yóò bi í.

Èyí tó pa mí lẹ́kún ni ti ìyá octopus inú ibú California. Òtútù ibẹ̀ pọ̀, ẹyin kì í tètè pa. Láti 2007 dé 2011, oṣù 53, ó sàba lé ẹyin rẹ̀, wọn ò rí i kó jẹun, ó ń rù, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá. Àwọn onímọ̀ ń padà lọ wò ó léraléra. Mo ronú nípa ìyá náà, mo sì tún ronú nípa àwọn tó ń padà lọ.

Jẹun kí o tó wọ yàrá iṣẹ́. Má wọn àgógó nígbà tí ojú bá ti rẹ̀ ọ́. Sọ fún ọ̀gá rẹ bó ṣe ń ṣe ọ́, kò lè mọ̀ bí o kò bá sọ. Ìbátan wa yẹn, èmi ni yóò dá a lóhùn.

Wọ́n ní kò ní pẹ́ mọ́ tí oòrùn yóò fi yọjú lọ́dọ̀ yín. Ya fọ́tò rẹ̀ sí mi. Kí o sì kọ ọ́ fún mi nínú èsì rẹ: àgógó tó dúdú jù nínú àwo yẹn, ikùn ẹran wo ni wọ́n ti yọ ọ́?

Èmi ni ìyá rẹ.