Ìdájọ́ ikú: ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí ìjọba ológun fi ṣe

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá àwọn òǹkàwé yín sọ jẹ mọ́ ìpinnu tí àwọn Sẹ́nétọ̀ ṣe ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí wọ́n fi ohùn ẹnu fọwọ́ sí i pé kí ìjìyà ẹni tó bá ń ṣòwò oògùn olóró kúrò ní ẹ̀wọ̀n gbére, kó di ikú. Títí di òní ni mo ṣì ń gbọ́ tí àwọn èèyàn wa níhìn-ín ní Àbújá ń sọ, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. N kò gbà bẹ́ẹ̀, ìtàn orílẹ̀-èdè wa ni kò sì jẹ́ kí n gbà.

Mo mọ ibi tí ìbínú wọn ti ń wá. Ẹni tó bá ń gbé Bwari tàbí Kuje mọ ohun tí ojú ń rí lọ́wọ́ ajínigbé, ìkọlù ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022 kò sì tíì kúrò lọ́kàn wa. Irú ìbínú bẹ́ẹ̀ ló bí òfin ọdún 1970, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí ìbọn kún ọwọ́ àwọn tí kò yẹ kó wà lọ́wọ́ wọn, tí ìjọba Gowon sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa pa adigunjalè. Ní ọdún 1971 àwọn ará Èkó tú jáde lọ sí etíkun Bar Beach lọ wo bí wọ́n ṣe ń yìnbọn pa wọ́n. Láti ìgbà náà ló ti mọ́ wa lára pé bí ọ̀rọ̀ ààbò bá ti le, ikú la kọ́kọ́ ń bèèrè fún.

Ṣùgbọ́n àwọn tí agbára yẹn wà lọ́wọ́ wọn kò fi mọ sórí adigunjalè. Ní ọdún 1984 ìjọba Buhari gbé òfin kan jáde, Decree 20, tó sọ òwò oògùn olóró di ẹ̀ṣẹ̀ ikú. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1985 wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Èkó lábẹ́ òfin náà, bẹ́ẹ̀ ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn ti ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pa á kí òfin náà tó délé ayé rárá. Ìjọba Babangida tó tẹ̀lé e ló sọ ìjìyà náà di ẹ̀wọ̀n. Ohun tí a ti dán wò, tí ojú ti tì wá lórí rẹ̀, ni àwọn Sẹ́nétọ̀ tún gbé dìde yìí.

Ní Kàdúná tó múlé gbè wá, lẹ́yìn ìjà Zangon Kataf ti ọdún 1992, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ àkànṣe dá ẹjọ́ ikú ní ọdún 1993 fún Ọ̀gágun Zamani Lekwot àti àwọn mìíràn, kò sì sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí wọ́n lè gbé e lọ. Ìjọba ló padà sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n. Ní Jos, ní oṣù Kẹrin ọdún 1998, wọ́n dájọ́ ikú fún Ọ̀gágun Oladipo Diya, ọmọ Odògbólú tó jẹ́ igbákejì Abacha, pẹ̀lú Abdulkareem Adisa àti Tajudeen Olanrewaju, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n fẹ́ gba ìjọba. Òfin kọ́ ló gbà wọ́n sílẹ̀. Ikú Abacha ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún náà ni. Diya wà láyé títí di ọdún 2023. Mo bẹ gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń pariwo ikú kí ó ronú lórí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní Abacha pẹ́ díẹ̀ sí i.

Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ará Ògóni, àti àwọn mẹ́jọ tí wọ́n jọ jẹ́ ará Ògóni kò rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà. Wọ́n so wọ́n kọ́ ní Port Harcourt ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1995. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu dúró níwájú àwọn aṣòfin níbí ní Àbújá, ó sì kéde pé òun dárí jì wọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ààrẹ, mo sì sọ ọ́ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n òkú ni wọ́n ka ìdáríjì náà sí létí.

Ní ọdún kan náà tí a pa Saro-Wiwa, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà fagi lé ìdájọ́ ikú. Àwọn adájọ́ 11 ló fohùn ṣọ̀kan. Arthur Chaskalson tó ṣáájú wọn gbà pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ aráàlú fẹ́ kí ìdájọ́ ikú wà, ó sì ní kì í ṣe èyí ni yóò pinnu ẹjọ́ náà. Wọn kò gbàgbé iye àwọn ènìyàn dúdú tí ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun ti so kọ́ ní Pretoria. Àwọn ará Jámánì ti Ìwọ̀-Oòrùn ti ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 1949, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ kan ṣoṣo lábẹ́ Hitler ti rán èèyàn tó ju 5,000 lọ sí ikú. Àwọn kan lára wọn fọwọ́ sí i kí wọ́n lè dáàbò bo àwọn ọmọ ẹ̀yìn Hitler tí ẹjọ́ wà lọ́rùn wọn, òótọ́ ni, síbẹ̀ òfin náà ló wà títí di òní. Àwọn ará Gánà, tí wọ́n yìnbọn pa olórí orílẹ̀-èdè mẹ́ta tẹ́lẹ̀ rí ní ọdún 1979, ilé aṣòfin wọn dìbò ní ọdún 2023 láti mú ìdájọ́ ikú kúrò lórí ìpànìyàn.

Àwọn kan yóò ní ìgbà ológun ti kọjá. Ó ti kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n abala 33 ìwé òfin ọdún 1999 ṣì fàyè gba ìdájọ́ ikú, ìjọba alágbádá ló sì so èèyàn mẹ́rin kọ́ ní Benin ní oṣù Kẹfà ọdún 2013. Abala 212 ìwé òfin kan náà fún àwọn gómìnà ní agbára láti dárí jini, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la lórí àwọn tó ń dúró de ikú lẹ́wọ̀n. Ní ti àwọn aṣòfin, kí àbá ikú mìíràn tó tún wọlé, kí wọ́n ṣí ìjókòó ìgbọ́ràn ní gbangba lórí ẹjọ́ ọdún 1985, 1993, 1995 àti 1998, kí wọ́n sì pe àwọn ẹbí tó ṣì wà láyé wá sọ tẹnu wọn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Kubwa, Àbújá